Ìwádìí Wo Ló Yẹ Akẹ́kọ̀ọ́ Akupọ́ńṣọ̀? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin, àti Bí A Ṣe Ń Gbé Èsì Rẹ̀ Jáde

Gbólóhùn kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akupọ́ńṣọ̀, ìyẹn ìtọ́jú tí a ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ara ṣe, máa ń gbé wá bá àwa tí à ń tọ́ wọn sọ́nà, lọ́dún tí wọ́n bá fẹ́ parí: "Mo fẹ́ fi hàn pé akupọ́ńṣọ̀ ń wo ẹ̀yìn ríro." Ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, inú mi sì máa ń dùn sí ìfẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ni wọ́n gbé wá, wọn ò tíì ní ìbéèrè. Ẹni tó ti mọ ohun tí òun fẹ́ rí kó tó jókòó, ohun náà ni yóò rí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti bá a yí gbólóhùn yẹn padà di ìbéèrè tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká, pẹ̀lú iye aláìsàn tó lè rí, iye oṣù tó kù fún un, àti iye tó wà lápò rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà yìí ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà ni mo ní lọ́kàn, àti àwọn olùkọ́ wọn. Ọ̀nà mẹ́rin ló sábà máa ń wà níwájú wọn: ìròyìn nípa aláìsàn kan, àtúnyẹ̀wò àwọn ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe, àkójọ àkọsílẹ̀ láti kílíníìkì, àti ìdánwò oníkèké, níbi tí a ti ń ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò gba ìtọ́jú yìí àti ẹni tí yóò gba òmíràn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni púpọ̀ nínú wọn ń sáré sí. Lójú tèmi, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n yẹra fún jù, àkójọ kílíníìkì tí wọn kì í kà sí ló sì yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ gbájú mọ́.

## Ohun tí ìdánwò oníkèké ń gbà

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ná àwọn ará Jámánì láti dáhùn ìbéèrè ẹ̀yìn ríro yẹn. Ìdánwò GERAC, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2007, kó aláìsàn 1,162 jọ. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀yìn ti ń ro wọ́n fún ọdún mẹ́jọ. Kèké ló pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Ìpín kìíní gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀kọ́ àwọn ará Ṣáínà là sílẹ̀. Ìpín kejì gba abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn: wọ́n gún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọlé jìnnà, ibi tí wọ́n sì gún un sí kì í ṣe ọ̀gangan kankan. Ìpín kẹta gba ohun tí dókítà máa ń fúnni, ìyẹn oògùn, fisiotẹ́rápì àti eré ìdárayá. Ìgbà mẹ́wàá ni àwọn tó gba abẹ́rẹ́ jókòó fún un, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn sì gba ìgbà márùn-ún sí i. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín kìíní ló ti rí ìtura tó dé ìwọ̀n tí wọ́n ti fi lélẹ̀ ṣáájú. Ti abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn jẹ́ 44.2. Ti ìtọ́jú dókítà jẹ́ 27.4.

Ẹni tó fẹ́ràn akupọ́ńṣọ̀ á gbé 47.6 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 27.4, á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí kò gbà á gbọ́ á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 44.2, òun náà á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìdánwò Jámánì mìíràn tó jáde ní 2005 lórí ẹ̀fọ́rí túúlu. Aláìsàn 302 ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tí orí ń fọ́ wọn dín kù dé ìdajì fún ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba abẹ́rẹ́ gidi, ìdá 53 nínú àwọn tó gba ti ẹ̀tàn, àti ìdá 15 péré nínú àwọn tó ṣì ń dúró de ìtọ́jú.

Èmi máa ń kọ nọ́ńbà mẹ́ta ti GERAC sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mà á pín kíláàsì sí méjì, mà á ní kí apá kan gbè fún akupọ́ńṣọ̀, kí apá kejì ta kò ó. Tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná, mà á ní kí wọ́n pààrọ̀ ìhà. Ẹ̀yìn pípààrọ̀ yẹn ló máa ń yé wọn pé ohun tí a bá fi wé abẹ́rẹ́ ló ń pinnu ohun tí ìdánwò lè sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sínú kíláàsì, nítorí àpò aláìsàn ló ń bọ́ sí. Ní 2006, ìgbìmọ̀ tó ń pinnu ohun tí ìbánigbófò ìlera yóò san ní Jámánì gbà kí wọ́n máa sanwó akupọ́ńṣọ̀ fún ẹ̀yìn ríro àti orúnkún ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́; wọn kò gbà fún ẹ̀fọ́rí túúlu. Ní Ìlú Ọba, àjọ NICE, tó ń tọ́ ètò ìlera ìjọba sọ́nà lórí ìtọ́jú, fara mọ́ ọn fún ẹ̀yìn ríro ní 2009, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní 2016 nítorí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín abẹ́rẹ́ gidi àti ti ẹ̀tàn kéré jù lójú wọn, nígbà tó sì di 2021 wọ́n tún gbà á wọlé fún irú ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a kò rí àìsàn mìíràn tó fà á tán. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ìbánigbófò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, bẹ̀rẹ̀ sí sanwó rẹ̀ fún ẹ̀yìn ríro ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní oṣù kìíní 2020, ìgbà 12 láàárín ọjọ́ 90, àfikún mẹ́jọ sì wà fún ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yá.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn fúnra rẹ̀ gba ọgbọ́n. Ní 1998, Streitberger àti Kleinhenz gbé ọ̀kan jáde tí ẹnu rẹ̀ kò mú: bí a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, irin rẹ̀ á sá wọ inú èèkù tí a fi ń dì í mú, aláìsàn á sì rò pé ó ti wọlé. Síbẹ̀ ó kan awọ, ó tẹ ara, ọwọ́ oníṣègùn sì wà lára aláìsàn ní gbogbo àsìkò náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń jiyàn pé kì í ṣe òfìfo bíi hóró oògùn ẹ̀tàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ rà á, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kó sì múra sílẹ̀ de àríyànjiyàn yẹn.

Lẹ́yìn èyí la ó wá kan iye ènìyàn. Ká ní ìyàtọ̀ tí ẹ ń retí láàárín ìpín méjì jẹ́ ìwọ̀nba, ìdajì ìwọ̀n tí máàkì àwọn aláìsàn fi ń yàtọ̀ síra wọn nígbà gbogbo. Kí ẹ tó lè ní àǹfààní mẹ́rin nínú márùn-ún láti rí ìyàtọ̀ yẹn, ènìyàn 64 gbọ́dọ̀ wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 128 lápapọ̀, láìka àwọn tí yóò dáwọ́ dúró lágbedeméjì. Fún ìyàtọ̀ tó kéré bíi ti 47.6 àti 44.2, ó ju 3,000 lọ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́ wo ló ní irú èrò bẹ́ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan? Ogún aláìsàn ni wọ́n sábà máa ń fojú sùn. Pẹ̀lú ogún, bí ìyàtọ̀ bá wà gan-an, ó ṣeé ṣe kó má hàn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì lọ kọ ọ́ pé akupọ́ńṣọ̀ kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì hàn, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ kòńgẹ́ ló gbé e jáde, tó sì tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Aláìsàn ogún ti fara wọn jìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo fi àyè kan sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìdánwò oníkèké lóòótọ́, ẹ ṣe kékeré tí ìbéèrè rẹ̀ kò sí lórí ìwòsàn rárá: ènìyàn mélòó nínú àwọn tí a bẹ̀ ló gbà kí kèké pín wọn? Mélòó ló parí? Ṣé wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tàn? Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ogún ènìyàn lè dáhùn rẹ̀. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ISRCTN tàbí ClinicalTrials.gov, àwọn ibi tí a ti ń forúkọ ìdánwò sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó wọlé. Láti 2005 ni àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn ńlá ti ń béèrè fún èyí, ẹ ò sì lè padà lọ ṣe é nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí.

## Aláìsàn kan, tàbí ìwé rẹpẹtẹ?

Ìròyìn aláìsàn kan ni wọ́n máa ń kà sí iṣẹ́ ẹni tí kò rí òmíràn ṣe. Mi ò gbà. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, kò sí ohun tó ń kọ́ ojú akẹ́kọ̀ọ́ bíi rẹ̀. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á dúró di ìgbà tí ara ẹnì kan bá yá, wọ́n á wá padà sínú fáìlì rẹ̀ lọ kó ìtàn jọ. Ẹ yan aláìsàn kí ẹ tó mọ ibi tí yóò já sí, kí ẹ sì máa wọn ìrora rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìwé ìwọ̀n tí mo fẹ́ràn jù fún èyí ni MYMOP, tí Charlotte Paterson gbé jáde ní 1996. Kò gùn rárá. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun kan tàbí méjì tó ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, yóò sọ iṣẹ́ kan tí nǹkan náà kò jẹ́ kó lè ṣe dáadáa, yóò sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lápapọ̀, yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 6. 6 ni èyí tó burú jù. Ká ní màmá kan kọ "orúnkún ọ̀tún" ó fún un ní 5, ó wá kọ "kí n sọ̀kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú" ó fún un ní 6. Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn gan-an ni yóò wà lórí ìwé rẹ̀ títí dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di "ìrora oríkèé", kò sì gbọdọ̀ fi "rírìn" rọ́pò àtẹ̀gùn lọ́sẹ̀ kẹrin nítorí pé rírìn ti dára sí i.

Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí abẹ́rẹ́ kankan tó kan ara rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó le, aláìsàn á máa wò ó pé kí lẹ ń dúró dè. Ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ara ń ni gidigidi tí kò lè dúró, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ yan ẹlòmíràn fún ìwádìí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìgbà tí nǹkan bá burú jù ni èèyàn ń wá ìtọ́jú. Ohun tó ti dé góńgó, sísàlẹ̀ ló kù fún un, abẹ́rẹ́ wà ni, abẹ́rẹ́ kò sí ni. Bí máàkì rẹ̀ bá ti wà ní 5, 5, 6 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó wá di 2 lẹ́yìn ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, a ti ní nǹkan tó yẹ ká jókòó sọ.

Nínú kíkọ rẹ̀, ìwé méjì ló yẹ kó wà lórí tábìlì yín. CARE, tó jáde ní 2013, ń tọ́ni sọ́nà bí a ṣe ń to ìròyìn aláìsàn. STRICTA, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, ni ti akupọ́ńṣọ̀ fúnra rẹ̀. Ìdánwò oníkèké gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó wúlò níbi gbogbo. Orí mẹ́fà ló ní: ìdí tí ẹ fi yan irú ìtọ́jú náà, bí abẹ́rẹ́ ṣe rí àti bí ẹ ṣe gún un, iye ìgbà, ohun mìíràn tí ẹ fi kún un, ẹni tó gún un àti ìrírí rẹ̀, àti ohun tí ẹ fi wé e. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ "mo gún ST36", ọ̀gangan kan nísàlẹ̀ orúnkún, kò tíì sọ nǹkan kan. ST36 ẹsẹ̀ wo? Abẹ́rẹ́ 0.25 × 40 mm ni àbí òmíràn? Ó wọlé tó báwo? Ṣé aláìsàn ní òun mọ ìwúwo tàbí ìjẹni tí wọ́n ń pè ní deqi? Ẹ fi ọwọ́ yí i ni, àbí ẹ fi iná mànàmáná sí i? Ìṣẹ́jú mélòó ló wà nínú ara? Bí oníṣẹ́ mìíràn ní Leeds bá ka ìwé yín tí kò lè ṣe ohun kan náà fún aláìsàn tirẹ̀, ìwé náà kò tíì parí.

Ìpamọ́ aláìsàn tún wà níbẹ̀, ó sì kan àwa ọmọ Yorùbá tó wà nílùú òyìnbó gidi. Yíyọ orúkọ nìkan kò tó. "Obìnrin ọmọ Nàìjíríà, ọmọ ọdún 58, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó ń gbé ní Peckham": ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ rẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ "obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún" kí ẹ dákẹ́. Ẹ fún un ní ìwé náà kó kà á kí ó tó jáde, kó sì fọwọ́ sí i.

Àtúnyẹ̀wò ìwádìí kò nílò aláìsàn, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tàbí tó ń tọ́mọ fi máa ń yàn án. Ó sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí pẹ̀lú, nítorí ohun tó ti wà níta ni ẹ ń kà. Àdánwò rẹ̀ ni ìbéèrè tó fẹ̀ jù. "Akupọ́ńṣọ̀ àti ìrora" á bò yín mọ́lẹ̀. "Títẹ PC6 (ọ̀gangan kan nítòsí ọrùn ọwọ́) fún èébì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lára ọmọdé" ṣeé dì mú. Ẹ forúkọ ètò yín sílẹ̀ ní PROSPERO, ibi tí a ti ń forúkọ ètò àtúnyẹ̀wò sílẹ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé, ẹ tẹ̀ lé PRISMA 2020, ìlànà bí a ṣe ń kọ àtúnyẹ̀wò, tó ní kókó 27, kí ẹ sì wá ẹnì kejì tí yóò máa yan ìwé pẹ̀lú yín láìwo tiyín. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní kí ẹnì kan dá a ṣe ń kọ́ ọ ní àbọ̀.

Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n rí nínú àtúnyẹ̀wò ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Ní 1998, Vickers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìdánwò akupọ́ńṣọ̀ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Gbogbo èyí tó wá láti Ṣáínà, Japan, Hong Kong àti Taiwan tí wọ́n rí ló sọ pé akupọ́ńṣọ̀ ṣiṣẹ́, láìku ẹyọ kan. Kò sí ìtọ́jú tó ń borí ní gbogbo ìgbà. Níbi tí a kò bá ti rí ìkùnà kan, ó yẹ ká béèrè ibi tí wọ́n ń kó ìkùnà sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lè sọ èyí jáde láìbojú wẹ̀yìn. Vickers yìí kan náà wà lára àwọn tó kó àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan jọ láti inú ìdánwò 39, aláìsàn 20,827, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018: abẹ́rẹ́ gidi ta ti ẹ̀tàn yọ fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́, díẹ̀ ni, ó sì ta àìgba abẹ́rẹ́ rárá yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó yẹ kó lè kà á.

## Àkójọ kílíníìkì, èyí tí wọn kì í kà sí

Ní 2001, ìwádìí kan jáde nínú BMJ, jọ́nà ìṣègùn Ìlú Ọba. Hugh MacPherson, tó jẹ́ oníṣẹ́ akupọ́ńṣọ̀ fúnra rẹ̀, ló ṣáájú rẹ̀ láti York. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ British Acupuncture Council kọ ohun burúkú yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Oníṣẹ́ 574 ló dáhùn, ìyẹn ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́. Ìtọ́jú 34,407 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Kò sí ìpalára ńlá kankan; ìṣẹ̀lẹ̀ kéékèèké tó tó mẹ́nu bà jẹ́ 43, nǹkan bí ẹyọ kan ó lé díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ìtọ́jú.

Ẹ wo bí kò ṣe sí ohun èèlò àrà ọ̀tọ̀ kankan nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ni, sùúrù ni, àti ìṣọ̀kan. Kíláàsì kan lè ṣe irú rẹ̀ nínú kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́: gbogbo wọn á jọ pinnu ohun tí wọ́n ń kà sí "ẹ̀jẹ̀ yọ", ohun tí wọ́n ń kà sí "òòyì", wọ́n á máa kọ ọ́ ní gbogbo ìtọ́jú fún sáà kan, kódà lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ibi òdo yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ẹ bá ṣe ìtọ́jú 300 tí ìpalára ńlá kankan kò sí, ẹ kò tíì lè sọ pé kò léwu. Ìlànà kan wà tí àwọn oníṣirò ń lò: ẹ fi iye ìtọ́jú pín 3. 3 nínú 300 jẹ́ 1 nínú 100, ìyẹn ni pé ìpalára ńlá ṣì lè máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún kí ó má sì tíì kàn yín. Ìṣirò kan náà lórí 34,407 á gbé yín dé nǹkan bí 1 nínú 11,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ìṣirò yìí pẹ̀lú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ kò ní í gbàgbé rẹ̀ láéláé.

Àléébù rẹ̀ ni ti ìdá 31 yẹn. Àwọn tí kò dáhùn ńkọ́? Bóyá àwọn tí ọwọ́ wọn kò mọ́ ni. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ iye tí kò dáhùn sójú ìwé, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

| Ọ̀nà | Ó lè dáhùn | Kò lè dáhùn | Ó ń gbà |
|---|---|---|---|
| Aláìsàn kan | Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni yìí, lẹ́sẹẹsẹ? | Ṣé abẹ́rẹ́ ló fà á? | Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ìyọ̀ǹda àti sùúrù |
| Àtúnyẹ̀wò | Kí ni a ti mọ̀, ta ló sì sọ ọ́? | Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wádìí | Ẹni méjì àti ìbéèrè tóóró |
| Àkójọ kílíníìkì | Mélòó, ìgbà mélòó, ta ló ń wá? | Ṣé ó sàn ju òmíràn lọ? | Gbogbo kíláàsì àti fọ́ọ̀mù kan |
| Ìdánwò oníkèké | Ṣé ó sàn ju ohun tí a fi wé e? | Ìdí tó fi sàn | Ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn àti owó |

## Kíkà tàbí ṣíṣe?

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan gbà pé kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n kà ló tó. Ní Amẹ́ríkà, owó NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba, ran àwọn ilé ẹ̀kọ́ akupọ́ńṣọ̀ kan lọ́wọ́ láti fi kíka ìwádìí sínú ẹ̀kọ́ wọn, lára wọn ni Oregon College of Oriental Medicine ní Portland. Mo fara mọ́ kíkà ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì dúró níwájú aláìsàn tó ń lọ́ra láti kọ 4 tàbí 5 kò ní í mọ bí nọ́ńbà inú ìwé ṣe rọ̀ tó. Ọdún àkọ́kọ́, kí wọ́n kà. Ọdún ìkẹyìn, kí wọ́n ṣe kékeré.

## Pósítà, ọ̀rọ̀ ẹnu, tàbí jọ́nà?

Fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́, pósítà, ìwé ńlá tí a ń gbé kọ́ níbi àpérò, ni mo máa ń yàn. Ẹ lè dúró ti iṣẹ́ yín, kí ẹ bá ènìyàn kan sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún àlàyé yín ṣe títí yóò fi já gaara. Ìwọ̀n A0, 841 mm sí 1189 mm, ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ẹ wo ìtọ́ni àpérò náà bóyá òró ni wọ́n fẹ́ àbí ìbú. Mo ti rí púpọ̀ tí àwòrán yin àti yang pẹ̀lú ìlà meridian, ọ̀nà tí wọ́n ní agbára ara ń gbà, gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tí èsì wá fún pọ̀ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ yọ wọ́n. Ẹ fi ìbéèrè yín sókè gàdàgbà, ẹ fi gíráàfù kan sáàárín, ẹ fi ohun tí iṣẹ́ náà kò lè sọ sápá ọ̀tún níbi tí ojú á ti rí i.

Gíráàfù náà: bí aláìsàn yín bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ ya ìlà mẹ́jọ, ẹnì kan ìlà kan. Ìpíndọ́gba nìkan á bo ẹni tó burú sí i mọ́lẹ̀, ẹni yẹn gan-an sì ni oníṣègùn tó ń wò ó fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu le jù ú lọ nítorí pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í dúró. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n fi mẹ́fà nínú rẹ̀ sọ ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ti Ṣáínà. Ìṣẹ́jú kan tó fún ìtàn. Bí dókítà àti nọ́ọ̀sì bá ló wà níjókòó, ẹ fi ìka yín han ọ̀gangan ibi tí ẹ gún lórí àwòrán ẹsẹ̀, kí ẹ sọ bó ṣe jìn tó. Bí oníṣẹ́ akupọ́ńṣọ̀ bá ni, ẹ sọ bí ẹ ṣe yẹ ahọ́n àti ìlùkìkì ọwọ́ wò kí ẹ tó yan ibẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kí ẹ fún ìhà méjèèjì.

Ìbéèrè kan á wáyé dandan: "Ṣé kì í ṣe pé aláìsàn kàn gbà á gbọ́ ni?" Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìdáhùn rẹ̀ dánra wò títí tí ohùn rẹ̀ á fi balẹ̀. Ìdáhùn tó dára rí báyìí: "Iṣẹ́ mi kò lè ya ìyẹn sọ́tọ̀, torí pé kò sí ẹni tí mo fi wé e. Ohun tí mo lè sọ ni pé máàkì rẹ̀ dúró lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú ẹlẹ́ẹ̀kẹrin." Kò bínú, kò tọrọ àforíjì, kò sọ ju ohun tó rí lọ. Mo ti rí i tí yàrá tó kún fún àwọn tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ dákẹ́ lórí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè gidi.

Jọ́nà ni kó kẹ́yìn. Ẹ gbé iṣẹ́ náà gba ọwọ́ àwọn tó wo pósítà yín kọjá ná, ẹ kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀, nítorí àwọn tí olóòtú á fún ní ìwé náà kà máa béèrè wọn. Jọ́nà bí Acupuncture in Medicine wà fún iṣẹ́ tó bá dúró dáadáa. Ọ̀pọ̀ oṣù ló ń gbà, wọ́n sì lè dá a padà lẹ́ẹ̀mejì; kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kò dára.

## Èwo ni kí ẹ mú?

Bí oṣù mẹ́ta ló kù tí ẹ ò sì ní aláìsàn, ẹ wá ẹnì kejì, kí ẹ ṣe àtúnyẹ̀wò tóóró. Bí ẹ bá ní oṣù mẹ́fà àti àyè nínú kílíníìkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ mú aláìsàn kan pẹ̀lú MYMOP. Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ tó ní kíláàsì odindi lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín wọn sí iṣẹ́ kéékèèké mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò sí èyí tó lè dúró. Ẹ kó wọn jọ sórí àkójọ kan, kí oníkálukú kọ apá tirẹ̀ nínú ìwé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn tó bá ti kan aláìsàn, ẹ lọ wádìí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ yín ń jókòó kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn. Bí aláìsàn NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ló bá wà nínú ètò yín, ọ̀nà ìyọ̀ǹda rẹ̀ tún gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí kílíníìkì ilé ẹ̀kọ́. Ẹ retí pé wọ́n á dá fọ́ọ̀mù yín padà fún àtúnṣe, pàápàá jùlọ ojú ewé tí aláìsàn máa kà. Ẹni tó bá pàdánù ìjókòó oṣù kẹwàá, àfàìmọ̀ kó má di ẹ̀yìn Kérésìmesì kí ó tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìwádìí rẹ̀.